Kẹ́místírì Ń Bẹ Nílé Ìdáná Wa
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ nípàdé

  

Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, tí wọ́n ń bi wá ní ìbéèrè kẹ́místírì, púpọ̀ nínú wa á ní, "Èmi ò kàwé débẹ̀, lọ bi tíṣà ẹ." Ìwé mẹ́fà lèmi náà kà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àwa náà là ń tà á lórí àtẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú sóbò. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi gbígbóná, ẹ sẹ́ ẹ, kó tutù. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì, á pọ́n yòò. Ẹ wá máa kán omi káún sí ìkẹta díẹ̀díẹ̀. Pupa rẹ̀ á lọ, á dà bí aró, tó bá tún pọ̀ sí i, á dà bí ewé. Omi eérú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó dà á, ẹ bi í pé, "Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀?" Ẹ má tètè dáhùn fún un o.

Ohun kíkan ni tíṣà ń pè ní ásíìdì. Ẹbí káún àti omi eérú ni wọ́n ń pè ní álíkálì. Sóbò ló ń sọ ẹbí tí nǹkan ti wá fún wa.

Èkejì rèé. Ẹ gún káún kó kúnná, ẹ rọ ọ́ sínú bàlúùnù táwọn ọmọ ń fẹ́. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìgò kékeré, ẹ fi ẹnu bàlúùnù bọ ẹnu ìgò náà, kí ẹ wá gbé e sókè kí káún dà sínú rẹ̀. Á hó ṣùù, bàlúùnù á sì wú. Irú afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò náà ni. Ẹ má fi ìdérí dé irú ìgò bẹ́ẹ̀ pa o, ó lè bẹ́.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Omi eérú tó le àti epo ni wọ́n ń sè pọ̀ tó fi ń di ọṣẹ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi ń lọ. Kọ́síìkì sódà táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà lọ́wọ́ wa, ẹbí káún ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti káún lọ fíìfíì. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré rárá. Tá a bá pò ó, tá a rọ ọ́ sínú ìgò omi mímu, ọmọ á rò pé omi ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá gbé e mì, á bó o lẹ́nu, á bó o lọ́fun. Ọ̀nà ọ̀fun lè sún pọ̀ tí ọmọ ò fi ní lè gbé oúnjẹ mì mọ́.

Tó bá ṣẹlẹ̀, ká má rí i, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ má sì sọ pé nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ bá káún jà nínú ìgò, kẹ́ ẹ wá fún un ní ọsàn mu. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ ìpàdé yìí ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ta kọ́síìkì nínú ìgò omi tàbí ti ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ sí i lára, ká sì gbé e sókè níbi tọ́wọ́ ọmọ ò ní tó.

Lọ́jọ́ Sunday, ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣe ti sóbò yẹn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé káún ìyá òun lágbára, yóò mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́síìkì. A ò ní fi ọmọ ṣòfò o. Àṣẹ.