Bí Èdè Látìn Ṣe Di Èdè Ìwé



Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni èdè Látìn ti jẹ́ èdè ọ̀mọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ilẹ̀ Ítálì ni í ṣe. Nígbà tí Róòmù ń di alágbára, èdè Gíríìkì ni àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀. Fabius Pictor, ará Róòmù tí ó kọ́kọ́ kọ ìtàn ìlú rẹ̀, Gíríìkì ni ó fi kọ ọ́.

Ní ọdún 240 ṣáájú ìbí Krístì, Livius Andronicus ṣe eré ìtàgé ní èdè Látìn. Òun náà ni ó túmọ̀ ìtàn Odysseus sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Cato dìde, ó sì kọ ìwé lórí ọgbà àjàrà, òróró ólífì àti ẹran ọ̀sìn. Nínú àwọn ìwé Látìn tí kì í ṣe ewì, tí wọ́n sì kù lódindi, òun ni ó pẹ́ jù. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ o: ìwé oko ni!

Nígbà tí Postumius Albinus fi Gíríìkì kọ ìtàn, tí ó sì ń tọrọ àforíjì fún àṣìṣe inú rẹ̀, Cato fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó bèèrè ẹni tí ó fi ipá mú un. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Nígbà tí Cicero, ẹni tí ó kú ní ọdún 43 ṣáájú ìbí Krístì, kò rí ọ̀rọ̀ Látìn tí yóò fi sọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn Gíríìkì, ó jókòó, ó ṣẹ̀dá wọn. Virgil fi ewì kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 382 Jerome bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Bíbélì Látìn. Ìjọba Róòmù ní ìwọ̀-oòrùn wó ní ọdún 476, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ kò wó: ní ọdún 1687, Látìn ni Newton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ ìwé ńlá rẹ̀.

Lẹ́tà Látìn ni a fi ń kọ Yorùbá. Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í túmọ̀ Bíbélì, tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi í kọ ìwé oko, ìwé òfin àti ìwé ìṣirò. Ẹni tí ó ni èdè ni í sọ ọ́ di ńlá.