Omi Náílì àti Ààbò Àgbáyé

Níbi tí odò kan bá ti ń ṣàn gba orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá, ọ̀wọ́n omi a máa di ọ̀rọ̀ ààbò, torí pé ẹni tó wà lókè odò ló ń pinnu ohun tí yóò kan ará ìsàlẹ̀. Ní 1959, Íjíbítì àti Sudan pín omi Náílì láàárín ara wọn láìfi ti Etiópíà ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ Etiópíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ti ń wá. Nígbà tí Etiópíà wá bẹ̀rẹ̀ dáàmù GERD ní 2011, ìyẹn ògiri ńlá tí a fi ń sé odò kí agbára rẹ̀ lè pèsè iná mànàmáná, ẹ̀rù ba Íjíbítì, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní orísun omi mìíràn. Wọ́n ṣí dáàmù náà ní 2025 láìsí àdéhùn lórí ìwọ̀n omi tí wọn yóò máa tú sílẹ̀ lọ́dún ọ̀dá.