Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìpàdé Gbogbogbòò Ẹgbẹ́ Wa

Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó gùn, mi ò ní jẹ́ kó gùn.

Lónìí la fẹ́ pinnu bóyá kí gbogbo owó àpò ẹgbẹ́ lọ sórí ṣọ́ọ̀bù tá a fẹ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Ká tó dìbò, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ìlú kan fún yín. Farina lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ ní Ọsirélíà, nǹkan bíi 650 kìlómítà sí àríwá Adelaide.

Government Gums ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní 1878, ìjọba wọn ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n gé e sí púlọ́ọ̀tì. Wọ́n wá yí orúkọ rẹ̀ sí Farina, ìyẹn ìyẹ̀fun lédè Látìn, nítorí wọ́n lérò pé àlìkámà máa pọ̀ níbẹ̀. Wọn ò wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ.

Kì í kúkú ṣe pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Láti 1865 ni George Goyder, olórí àwọn sọ̀fíyọ̀ ìjọba, ti fa ìlà sórí máàpù: ẹ má dáko àlìkámà kọjá ibí yìí, òjò ibẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé. Òkè ìlà yẹn lọ́hùn-ún ni Farina wà. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ dáadáa fún ọdún mélòó kan, làwọn èèyàn bá ń sọ pé ibi tí àgbẹ̀ bá ti túlẹ̀ ni òjò máa ń tẹ̀ lé e dé.

Reluwé dé ibẹ̀ ní 1882, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ẹrù, káwọn ọlọ́ràkúnmí tó wá láti Afghanistan àti India tó gbé e wọnú aginjù. Òtẹ́ẹ̀lì méjì, báǹkì, ilé ìwé, àwọn alágbẹ̀dẹ, títí kan bẹ́kírì abẹ́ ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tó kún jù, èèyàn bíi 600 ló ń gbé ibẹ̀.

Ọdún méjì péré, ní 1884, ojú irin tẹ̀ síwájú dé Marree. Ọ̀dá dé, àlìkámà ò gbà. Èèyàn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di 1980, ojú irin tuntun sí Alice Springs ti gba ibòmíràn. Ògiri òkúta ló ṣẹ́ kù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni o. Irú ojú irin tóóró yẹn, 1,067 mìlímítà, náà ni wọ́n tẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹ̀yin àgbà ṣáà mọ bí ọjà ṣe ń rí ní ibi tí reluwé bá ṣíwọ́ àtimáa dúró.

Kì í ṣe ọ̀dá nìkan ló pa Farina. Ohun tó ń mówó wọlé fún wọn, ìkankan ò sí lọ́wọ́ wọn: ìjọba ló ni ojú irin, Ọlọ́run ló ni òjò.

Láti 2009, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń tún ògiri mọ. Wọ́n dáná sí bẹ́kírì abẹ́ ilẹ̀ yẹn, wọ́n ń ta búrẹ́dì fún àlejò, wọ́n ń fi owó rẹ̀ ṣàtúnṣe. Ìyẹ̀fun ti dé Farina níkẹyìn, àmọ́ mọ́tò ló ń gbé e wá. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó sàn ká tọ́jú ìlú nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ká fi ìdajì owó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ká fi ìdajì yòókù gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sílé ìwé, ká sì ra ẹ̀rọ gàrí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀nà gba ibòmíràn lọ́la, omi wa àti ẹ̀gẹ́ wa ò ní bá a lọ.

Ìlú wa ò ní tú o.