Ta Ló Ń Gba Owó Alárinà? Ìfigagbága Àwọn Ilé-Iṣẹ́ Ìrìnàjò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì, láti Shanghai dé Òkìtìpupa

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀



Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ a máa darí wálé láti Èkó, Àbújá àti ìlú òyìnbó. Òmíràn ń bọ̀ wá ṣe òkú àgbà, òmíràn ń bọ̀ wá sí ìgbéyàwó. Ẹni tí kò nílé lábúlé á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá yàrá sí Òkìtìpupa.” Ẹlòmíràn kò ní pe ẹnikẹ́ni; orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti wá a. Níbẹ̀ ni alárinà kan tí onílé ìtura kò rí rí ti ń wọ àárín òun àti àlejò rẹ̀, tí ó sì ń mú kọmíṣàn nínú owó yàrá. Ta ni alárinà náà? Ibo ni kọmíṣàn náà ń lọ? Ohun tí ọ̀rọ̀ òní dá lé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà, níbi tí ìfigagbága onílé àti àjèjì ti hàn kedere. Ní ọdún 1999, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan, James Liang, Neil Shen, Fan Min àti Ji Qi, dá Ctrip sílẹ̀ ní Shanghai láti máa bá ènìyàn gba yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún yẹn kan náà ni eLong, tí yóò di orogún rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Expedia, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí Microsoft bí ní ọdún 1996, rí i pé ọjà náà yóò tóbi. Ó ra ìpín nínú eLong ní ọdún 2004, kò sì pẹ́ tó fi di ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Owó ń bẹ, orúkọ ń bẹ, ẹ̀rọ ń bẹ. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, Expedia ta gbogbo ìpín rẹ̀ nínú eLong. Ctrip wà lára àwọn tó rà á.

Kí ló fà á? Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ctrip mọ̀ pé àwọn ará Ṣáínà ìgbà náà kì í fẹ́ fi káàdì sanwó fún ohun tí wọn kò tíì rí, àti pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn. Ó rán àwọn òṣìṣẹ́ sí pápákọ̀ òfuurufú àti ibùdókọ̀ ojú irin láti máa pín káàdì tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀. Ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn síṣẹ́ láti máa gbé ìpè. Àlejò sì lè dé ilé ìtura kó tó sanwó.

Òfin náà kó ipa tirẹ̀. Ìjọba Ṣáínà kò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àjèjì: ó fi ààlà sí ìpín tí wọ́n lè ní nínú iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ta ìrìnàjò òkè òkun fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìdí nìyí tí Priceline, tó ni Booking.com nígbà náà, fi yan ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2014: ó fi 500 mílíọ̀nù dọ́là sínú Ctrip fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìrìnàjò nìkan: Uber, tó ń bá ènìyàn pe ọkọ̀ lórí fóònù, kó ọjà rẹ̀ ní Ṣáínà fún Didi, orogún rẹ̀ tó jẹ́ onílé, ní ọdún 2016. Airbnb, tó ń bá ènìyàn gba yàrá nílé onílé, fi òwò abẹ́lé Ṣáínà sílẹ̀ ní ọdún 2022. Ctrip ní tirẹ̀ ra Skyscanner ti Edinburgh ní ọdún 2016 ní 1.4 bílíọ̀nù pọ́ùn.

Nàìjíríà ńkọ́? Obinna Ekezie, tó ti gba bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní NBA, dá ìkànnì ìrìnàjò Wakanow sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ní ọdún 2013, Mark Essien gbé Hotels.ng kalẹ̀ láti Calabar. Ọdún náà gan-an ni Rocket Internet, láti Berlin ní Jámánì, gbé Jovago, ìkànnì ilé ìtura tirẹ̀, wọ Èkó pẹ̀lú owó tabua. Jovago yí orúkọ padà sí Jumia Travel ní ọdún 2016. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2019, Jumia, ilé-iṣẹ́ ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ni ín, pa á tì, ó sì fa àwọn oníbàárà rẹ̀ lé Travelstart lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀ ní South Africa, tí ọmọ Sweden kan, Stephan Ekbergh, dá sílẹ̀. Àjèjì kan lọ, ó fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún àjèjì mìíràn.

Àwọn tí a ń pè ní tiwa náà kò dá dúró. Omidyar Network ti Amẹ́ríkà àti EchoVC fi 1.2 mílíọ̀nù dọ́là sínú Hotels.ng ní ọdún 2015. Carlyle ti Amẹ́ríkà kéde 40 mílíọ̀nù dọ́là fún Wakanow ní ọdún 2018. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn gba owó olùdókòòwò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ará ìlú mọ̀ pé orúkọ tó jọ tilé lè ní olówó lẹ́yìn odi.

Ìyà tó dun àwọn aláṣojú ìrìnàjò wa jù wá láti ara náírà. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù títí tó fi di pé wọ́n dá a dúró. Èyí ran àwọn tó ń gba náírà lọ́wọ́, nítorí nígbà náà, ẹni tí kò ní káàdì dọ́là kò lè sanwó fún ìkànnì òkèèrè. Ṣùgbọ́n nínú ọjà tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Nítorí pé dọ́là ṣọ̀wọ́n, owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ òkèèrè há sí Nàìjíríà. Ní àárín ọdún 2023, ó ti lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Emirates tilẹ̀ dá ìrìnàjò rẹ̀ dúró ní ọdún 2022, kò sì padà títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024. NANTA, ẹgbẹ́ àwọn aláṣojú ìrìnàjò Nàìjíríà, pariwo pé àwọn ọkọ̀ òfuurufú náà ń fi tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú pamọ́ fún àwọn tó ń tà á nílé, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní London ní kó bá òun rà á níbẹ̀. Báyìí ni ọjà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.

Ohun tí ìtàn méjèèjì yìí fi hàn ni pé ìmọ̀ ìlú ni agbára onílé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò lè dá jà. Ctrip ní ìmọ̀ náà, ó ní òfin lẹ́yìn, ó sì ní owó orílẹ̀-èdè tó dúró. Àwọn tiwa ní ìmọ̀, wọ́n sì ń fi náírà tí ń mì jà.

Ìjọba àpapọ̀ ló lè tún ọ̀rọ̀ náírà ṣe. Àmọ́ ìmọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ wa. Ta ló mọ̀ ju awakọ̀ wa lọ pé ìgbà wo ni ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òkìtìpupa le? Ta ló mọ ọjọ́ ọdún ìlú, ilé ìtura tí omi ti ń ṣàn, àti ibi tí àlejò ti lè jẹ púpurú gidi kó tó kọjá sí Igbókòdá? Kò sí alárinà Berlin tàbí Shanghai tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin onílé ìtura Òkìtìpupa, Òde-Ìrèlè, Igbótakò àti Ilútitun, ẹ kóra jọ. Ẹ gbé orúkọ, àwòrán, iye owó ní náírà àti nọ́ńbà tí ẹnìkan yóò máa gbé, sórí ìkànnì kan tó jẹ́ tiyín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà láàárín wa, ẹ bá wọn kọ́ ọ. Ẹ má ṣe dúró de oṣù Kejìlá.