Ìsinmi Ìbímọ: Ẹ̀tọ́ Ni, Bí Kò Tilẹ̀ Sí Owó Níbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa)



Inú ìwé ìṣirò wa ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa kò san owó mọ́. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, a bá a pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Kò tíì pé oṣù márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ó béèrè lífù. Ọ̀gá ní kò tíì tó ẹni tí ń gbà á, kí ó kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó sì kọ ọ́. Àìmọ̀ ni ó jẹ́ kí ó fi ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 1974 sọ ọ́ ní abala 54. Aboyún tí ó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kí òun bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ní ẹ̀tọ́ láti lọ sinmi. Bí ó bá sì bímọ tán, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Òfin kò ní kí ó kọ́kọ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ná.

Owó nìkan ni pípẹ́ wà fún. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìdáwọ́dúró yóò gba ìdajì owó rẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè má rí kọ́bọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ìsinmi rẹ̀ dúró. Ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé gbélé-ẹ nígbà tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti fún ọmọ lọ́mú.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́? Abala yìí kò dárúkọ yín. Ní oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹ wo ìwé àdéhùn yín, kí ẹ sì bá ọ̀gá sọ ọ́ kí ọmọ tó dé.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tọ́ se ọbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀ yín:

1. Ẹ fi ìwé béèrè ìsinmi, ẹ fi ìwé dókítà tì í, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

2. Ẹ tètè sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún owó ìfipamọ́ yín kí oṣù tó pé.

3. Kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà pé ẹni tí ó wà ní ìsinmi ìbímọ láìgba owó lè dá sísan ẹ̀yáwó dúró fún oṣù mẹ́ta, kí a má sì yọ onídùúró rẹ̀ lẹ́nu.

Obìnrin tí a wí yìí ṣì ń wá iṣẹ́. Bí ó bá ti bi wá léèrè kí ó tó kọ ìwé náà, ìbá má rí bẹ́ẹ̀. Bí àwa náà bá sì ti sọ ọ́ fún un ṣáájú, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè. Ẹ jẹ́ kí ó kan ẹni tí ó jókòó tì yín lára. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.