Aṣọ́komásùn Tí Ń Pànìyàn: Ta Ni Ó Wà Nínú Ẹ̀wù?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé sinimá adẹ́rùbani kò yẹ ní irú àpéjọ báyìí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù díẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ní oko wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi a máa gbé aṣọ́komásùn dúró sí àárín àgbàdo. Wọn a di igi méjì pọ̀, wọn a fi akèrègbè ṣe orí rẹ̀, wọn a sì wọ ẹ̀wù wọn tí ó ti gbó sí i lọ́rùn. Àwọn ẹ̀gà kì í bẹ̀rù rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Èmi ni mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, n kò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i, nítorí pé ẹ̀wù bàbá mi ni, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù yìí gan-an ni àwọn onísinimá Amẹ́ríkà ń tà. Èyí tí ó dára jù nínú àwọn tí mo ti wò ni Dark Night of the Scarecrow, tí Frank De Felitta darí fún tẹlifíṣọ̀n ní 1981. Wọ́n fi ẹ̀sùn èké kan Bubba, ọkùnrin kan tí òye rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ìyá rẹ̀ fi í pamọ́ sínú aṣọ aṣọ́komásùn. Ọkùnrin mẹ́rin sì yìnbọn pa á lórí igi náà. Kóòtù dá wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ́komásùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú oko wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn rárá. Ó kàn dúró ni.

Nínú Scarecrows ti 1988, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n sì ń pa àwọn olè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú mi, ẹ̀rù tán níbẹ̀. Apànìyàn lásán ni ó kù, n kò sì bìkítà ẹni tí ó wà nínú ẹ̀wù.

Ọ̀yọ́ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Samuel Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Aláàfin Abípa fẹ́ kó kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́. Wọ́n rán ènìyàn mẹ́fà lọ sí ahoro ìlú náà láti fara hàn bí iwin. Baṣọ̀run rán abuké, Alápìn-ín-ni rán àfín. Adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ wà níbẹ̀, àti ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba, wọ́n sá. Ọba wá rán ọdẹ, àwọn ọdẹ sì mú gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn ìjòyè jókòó láti mutí ní ààfin, ẹni tí olúkúlùkù rán ni ó gbé igbá ọtí wá bá a. Láti ibẹ̀ ni Abípa ti gba orúkọ Ọba Mọ́rọ̀.

A máa ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí; èmi náà ti rẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n a mọ oyè àwọn tí ó ránni. Àwọn tí a rán, àbùkù ara wọn nìkan ni a fi dá wọn mọ̀. Bubba ní orúkọ, ó sì ní ìyá. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kan bá fẹ́ ṣe irú sinimá yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Alápìn-ín-ni ránṣẹ́ pe àfín náà.