Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ń Wá Bí Omi Yóò Ṣe Mọ́

Ọ̀rọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ la fẹ́ sọ.

Erékùṣù kan ń bẹ tí à ń pè ní Puerto Rico. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ní àríwá rẹ̀, òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ihò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lókè, kì í pẹ́ kó tó dénú omi. Ní 1983, wọ́n yẹ omi kànga ìlú Vega Alta wò, wọ́n bá oró kan níbẹ̀, trichloroethylene, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin. Omi náà mọ́ lójú o! Bẹ́ẹ̀, oró yìí ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Èèyàn lè da omi náà láti òkè, kí atẹ́gùn máa fẹ́ gba inú rẹ̀. Oró á bá atẹ́gùn lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì parẹ́, ó kàn ṣí kúrò ni.

Ní 2010, yunifásítì Northeastern ní Boston àti ti Puerto Rico dawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wù mí jù ni pé wọn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá nìkan. Àwọn ọmọ erékùṣù náà, tí irú wọn kò pọ̀ nídìí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fa omi kànga, bí a ṣe ń wọn oró inú rẹ̀, àti bí a ṣe ń gba ara irin rán iná mànàmáná sínú omi, kí oró náà fúnra rẹ̀ lè tú ká.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.